Káàtì inú kòtò: iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀, iṣẹ́ apá yàtọ̀

Látìgbà tí fídíò àwọn ọmọ tó ń fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù ṣe káàtì ti ń lọ láti fóònù dé fóònù, àríyànjiyàn kan náà ni mo ń gbọ́ ṣáá ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Ẹnì kan á ní kí lẹ tiẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe, ṣebí àwọn tó ń fi káàtì sáré ìje nílùú òyìnbó kò ní ṣọ́ọ̀kì kankan. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ẹni tí kò bá tíì ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tó jíire kó má wulẹ̀ tan iná sí irin. Ẹnì kẹta á wá gbé fọ́tò tiẹ̀ jáde, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tuntun, pupa fòò, síbẹ̀ ó ní tí òun bá gùn ún dé oko tán, ẹ̀yìn lòun ń fọwọ́ mú. Lójú tèmi, ohun tó ń dà wá láàmú ò ju pé ṣọ́ọ̀kì là ń gbé gbogbo ògo fún. Apá tí táyà so mọ́ ló ń gba kòtò, òun àti ibi tó ti ń yí lára férémù. Ṣọ́ọ̀kì ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá sáré ra ṣọ́ọ̀kì kó tó mọ ibi tí apá máa wà, owó ló fẹ́ fi ṣòfò.

Kí là ń pè ní káàtì ná?

Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, kò ní ilẹ̀kùn kò ní òrùlé, ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Art Ingels ló ṣe àkọ́kọ́ ní Kalifóníà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ agékoríko ló sì gbé sí i. Títí dòní, káàtì eré ìje kò ní ṣọ́ọ̀kì, ẹni àkọ́kọ́ yẹn ò purọ́. Orí títì tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n ti ń sá a, férémù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó máa rọ̀ díẹ̀ tó bá ń kọ́nà. Gbé irú ẹ̀ lọ sí ọ̀nà oko wa níbí lẹ́yìn òjò, kó o wò ó bóyá eyín máa kù lẹ́nu ẹ.

Èyí tí à ń sọ lónìí, káàtì inú igbó ni. Ó ga nílẹ̀, táyà ẹ̀ tóbi, ó ní àgò irin lórí awakọ̀, ó sì ní nǹkan mẹ́ta tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú títí a ó fi parí. Férémù ni egungun ọkọ̀ náà, ibẹ̀ lẹ jókòó sí. Apá ni irin tó so táyà mọ́ férémù, orí rẹ̀ kan ń yí lára férémù, táyà wà lórí kejì. Ṣọ́ọ̀kì, èyí táwọn mẹkaníìkì wa ń pè ní amortisseur, ló dúró sáàárín apá àti férémù, sípíríǹgì yí i ká lóde, òróró wà nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n jọ ń ṣe?

Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu mọ ohun tí omi rírù jẹ́. Ẹ wo ìyá tó ru bàsíà omi bọ̀ lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń re òkè ń re ìsàlẹ̀, orúnkún ń tẹ̀ ó ń nà, bàsíà ò mì, omi ò dà. Awakọ̀ àti férémù ni bàsíà, apá àti táyà ni ẹsẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé torí kí ara lè tu awakọ̀ nìkan ni o. Táyà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, ìyẹn gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Táyà tó wà lófuurufú ò lè kọ́nà, bíréèkì ẹ̀ ò lè dá nǹkan kan dúró, ẹ́ńjìnnì á kàn máa fi í yí lásán ni. Káàtì tí ò ní apá tó ń yí, tí táyà iwájú kan bá gun òkúta, táyà kan míì lè kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ohun tó ń re òkè re ìsàlẹ̀ fúyẹ́. Ẹ wọ bàtà onírin fún ìyá yẹn, ẹ wò ó bóyá omi ò ní dà. Rímù tó wúwo, áàsù (ọ̀pá tí táyà wà lórí ẹ̀) tó nípọn jù, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé lé orí apá, bàtà irin ni gbogbo wọn.

Sípíríǹgì ńkọ́, òróró ńkọ́?

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ta padà, á tún lọ, á tún bọ̀, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Òróró ló ń kì í nílọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá kan ń ti òróró gba àwọn ihò tín-ín-tín-ín kọjá, agbára tí ilẹ̀ fi gbá táyà á di ooru níbẹ̀, ó tán. Ìdí tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn eré gígùn nìyẹn.

Torí náà ẹni tó bá kàn ra sípíríǹgì lásán tó jó o mọ́ abẹ́ káàtì, ohun tó ń fò ló ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tú alùpùpù, ẹ wo ọ̀pá tó ń dán nínú ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí eruku tó ti pọ̀ mọ́ òróró, tó lẹ̀ mọ́ ọn bí òrùka dúdú, òróró ti ń jò nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ káàtì tán, ẹ tẹ igun kan mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ lójijì: ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Èyí tó bá ń jó lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, òróró inú ẹ̀ ti lọ.

Kí ló dé tí ṣọ́ọ̀kì zemidjan, alùpùpù akérò wa, fi le koko níwájú káàtì?

Èyí ni ìdáhùn ẹni kẹta wa, ẹni tó ń fọwọ́ mú ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an lowó ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní káàtì àti awakọ̀ jẹ́ 250 kílò. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, torí náà iwájú ò lè gbé ju bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 100 kílò fún táyà méjì, 50 kílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn alùpùpù zemidjan wá ńkọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí méjèèjì jọ ń rù: awakọ̀, ìyá kan, ọmọ méjì, àpò gàrí lórí itan. Gbé irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ dúró tààrà lórí táyà tó ń gbé 50 kílò, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó. Bí ìgbà téèyàn fi irin lásán gbé e dúró ló ṣe máa rí.

Wọn ò ní kẹ́ ẹ lọ ra òmíràn o. Ẹ sún ìdí ṣọ́ọ̀kì wọnú lára apá ni. Ká ní apá gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà láti ibi tó ti ń yí dé ìdí táyà, ẹ wá de ìdí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ojú 20, ìyẹn ìdajì. Tí táyà bá gòkè ní 16 sẹ̀ǹtímítà, ṣọ́ọ̀kì á wọlé ní 8 péré. Àmọ́ ẹrù tó ń tì í á di ìlọ́po méjì, 50 kílò ìdí táyà á di 100 lójú ṣọ́ọ̀kì. Ẹrù di ìlọ́po méjì, ìrìn di ìdajì, tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì yẹn á rọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin lójú táyà. Sípíríǹgì kan náà o, ẹ ò fi kọ́bọ̀ kan kún un, ibi tẹ́ ẹ dè é mọ́ lẹ yí padà. Tẹ́ ẹ bá tún jẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á tún rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tó bá dà jù á fẹ́ sùn, kò ní lè gbé nǹkan kan mọ́.

Ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ yín ni pé etí irin tẹ́ ẹ jó mọ́ apá láti fi de ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ lágbára, torí ẹrù ibẹ̀ ti di méjì. Ibẹ̀ náà ló máa ń já.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pó ti tó? Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ jókòó sí i pẹ̀lú kásìkì (akoto) lórí. Ó yẹ kí káàtì rì ní bí ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn táyà. Tí táyà bá lè rìn ní 16, kó rì ní nǹkan bíi 4 sí 5. Àwọn tí inú ń bí nígbà tí káàtì wọn bá rì, tí wọ́n á fún sípíríǹgì le gan-an kó má baà rì rárá, wọn ò rántí pé táyà gbọ́dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú kòtò náà. Tí ò bá rì, kò ní ibi tó máa sọ̀ dé.

Apá kan ni àbí méjì?

Apá kan fún táyà kan rọrùn láti ṣe, àmọ́ bí táyà bá ṣe ń gòkè ló ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí àyíká ni orí apá ń rìn. Tí apá bá kúrú, ó burú gan-an, eteetí táyà nìkan lá máa fọwọ́ kan ilẹ̀.

Apá méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ló dára jù níwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì tó là lọ sára férémù tó sì pàdé nídìí táyà, bí lẹ́tà A, kó má baà lè lọ síwájú sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń jẹ́ kí ti òkè kúrú díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí táyà lè tẹ orí sínú díẹ̀ tó bá gòkè, torí tí káàtì bá ń kọ́nà férémù á dà síta, ìtẹ̀sínú yẹn lá jẹ́ kí ojú táyà ṣì balẹ̀. Níbi tí apá ti ń yí, ẹ fi búúṣì sí i, ìyẹn páìpù kékeré tó máa gba bóòtì, ti ẹ̀yìn alùpùpù àtijọ́ dára púpọ̀. Bóòtì tó ń yí nínú ihò irin lásán á jẹ ihò ọ̀hún gbòòrò kíákíá.

Kí ló dé tí sítíárì fi ń yà fúnra ẹ̀ tó bá wọ kòtò?

Torí tái-rọ́ọ̀dù ni, ọ̀pá tó ti ìdí sítíárì wá tó ń ti táyà. Òun náà ń yí bí apá ṣe ń yí. Tó bá gùn ju apá lọ tàbí tí ibi tó ti ń yí nínú ò bá wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti apá, àyíká tí òun ń rìn á yàtọ̀ sí ti apá, táyà ń gòkè, ọ̀pá ń fà á, táyà yà. Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Àwọn tó ń lo ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo láti táyà ọ̀tún dé ti òsì ló ń fojú winá èyí jù. Ọ̀pá méjì ni kẹ́ ẹ lò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá.

Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò, ẹ di sítíárì mú gbọn-in, kí ẹnì kan fi jáàkì gbé táyà láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé imú táyà ń wo ọ̀tún tàbí òsì, ẹ má tíì fọ̀dà kùn ún.

Nǹkan kejì ni pé tẹ́ ẹ bá ń kọ́nà, táyà inú gbọ́dọ̀ yà ju ti ìta lọ, torí òbírí tó ń rìn kéré jù. Georg Lankensperger, ará Jámánì kan tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ló ronú kan ọ̀nà rẹ̀ lọ́dún 1817, àmọ́ Rudolph Ackermann ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1818, orúkọ Ackermann ló sì mọ́ ọn lórí títí dòní, ayé ò kúkú yí padà. Ẹ na okùn láti ibi tí táyà iwájú ti ń yà, kó gba ihò tái-rọ́ọ̀dù kọjá lọ sẹ́yìn. Kí okùn ọ̀tún àti ti òsì pàdé ní àárín áàsù ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ńkọ́, ṣéènì ò ní já?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni apá ẹ̀yìn kan tó fẹ̀, áàsù kan gba orí ẹ̀ kọjá pẹ̀lú táyà méjèèjì, bíréèkì àti sípírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo eléyín tí ṣéènì ń gùn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí kò ṣe yẹ ni ibi tí apá yẹn ti ń yí. Tó bá jìnnà sí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, bí táyà bá ṣe ń gòkè, ọ̀nà láti ẹ́ńjìnnì dé áàsù á máa gùn á máa kúrú, ṣéènì á le, á dẹ̀, á fò kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo alùpùpù èyíkéyìí: ẹ̀yìn sípírókẹ́ẹ̀tì kékeré tímọ́tímọ́ ni apá ẹ̀yìn ti ń yí, wọn ò déédéé fi í síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ṣéènì, ẹ gbé apá títí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, ibi tí apá ti ń yí àti áàsù fi wà ní ìlà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ṣéènì le jù, kó sì ṣì dẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Áàsù kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé táyà méjèèjì ń yí ní iye kan náà, kódà tó bá ń kọ́nà. Lórí títì ọlọ́dà á máa ti káàtì síwájú, kò ní fẹ́ yà. Lórí ilẹ̀ pupa Kétu, táyà á yọ̀ díẹ̀, kò sí wàhálà. Nínú ẹrẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí lápá Pobè lọ́hùn-ún, ó tiẹ̀ dáa ni, torí táyà kan ò lè máa yí lásán kí èkejì dúró. Àmọ́ ẹ má fi irin bo táyà tímọ́tímọ́ o, ẹrẹ̀ yẹn á dì sáàárín, táyà ò ní yí mọ́.

Ẹ́ńjìnnì wo, eré mélòó?

Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ní jíà àti kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù kò lè padà sẹ́yìn, atẹ́gùn iwájú ló sì ń fẹ́ ẹ tútù. Tó bá lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ìjókòó, á gbóná jù, ẹ wá nǹkan tó máa darí atẹ́gùn sí i.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi, bíi Honda GX200 àtàwọn tó jọ ọ́, rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ 196 cc, ohun kan wà nínú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kó yí ju bíi 3600 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nǹkan yẹn, kì í ṣe gbogbo irin inú ẹ̀ ló lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré wá di ìṣirò lásán. Tí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì bá ní eyín 10, tí ti áàsù ní 60, áàsù á yí ní 600. Táyà tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà ń rin nǹkan bíi mítà 1.57 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á dé 56 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó pọ̀ jù nínú igbó, kò sì ní lágbára láti gun òkè. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó di 10 sí 1, kí ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí áàsù tó yí lẹ́ẹ̀kan, á wálẹ̀ sí bíi 34, agbára á pọ̀ sí i. Àwo eléyín 100 ò sí níbi tẹ́ ẹ ti máa rà á, torí náà áàsù kékeré kan láàárín, ṣéènì méjì, lẹ máa fi pín in.

Ẹ gbé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí sókè, ẹ fi fílítà sí i. Eruku pupa tìgbà ọyẹ́ ń jẹ inú ẹ́ńjìnnì bí irin tí wọ́n fi ń lọ ọ̀bẹ. Èmi ò sì fẹ́ rí ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tí wọ́n fi okùn so mọ́ férémù lẹ́yìn orí awakọ̀. Táǹkì gidi, kó jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì.

Irin àti bóòtì wo?

Páìpù irin dúdú, bíi 25 sí 32 mìlímítà ní fífẹ̀, kí ògiri ẹ̀ nípọn tó 2 sí 2.5. Páìpù omi funfun ní síǹkì lára, èéfín ẹ̀ ń fa ibà fún ajórin tó bá fà á símú, ẹ lọ̀ ọ́ kúrò tó bá jẹ́ pé òun lẹ ní. Ẹ jó irin ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, torí onígun mẹ́rin ń yẹ̀. Kí àgò ga ju kásìkì awakọ̀ lọ, kí bẹ́líìtì sì wà, torí ẹni tí kò so ara ẹ̀ mọ́ ìjókòó, tí ọkọ̀ bá yí, àgò yẹn gan-an lá gbá a lórí.

Ẹ wo orí bóòtì kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó dáa, wọ́n á kọ 8.8 tàbí 10.9 sórí ẹ̀, àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó gbé ara sókè díẹ̀, ìka yín á mọ̀ ọ́n. Èyí tí orí ẹ̀ mọ́ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ẹ fi í kan ilẹ̀kùn. Bóòtì tó di apá mú gbọ́dọ̀ ní irin lápá ọ̀tún àti òsì, torí èyí tó yọ orí síta lápá kan ṣoṣo á tẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáá ni.

Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú ni kẹ́ ẹ lò, torí gbígbọ̀n káàtì á tú èyí tí ò ní. Tẹ́ ẹ bá ti fún gbogbo ẹ̀ tán, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ kàn yí i ká ni, èyí tí ìlà ẹ̀ ò bá bá ara mu mọ́ ló ti dẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti tái-rọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ yà.